Ó-Jáde, Ẹlẹ́rìí Ìlà Funfun

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbá bọ́ọ̀lù náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin olóògbé Ó-Jáde, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ayé ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Àní àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Àṣekágbá ìdíje tẹ́níìsì. Pápá amọ̀ pupa, ìlà funfun, èrò bí eéṣú. Ó ku àmì ayò kan ṣoṣo kí ọmọbìnrin náà gba ife-ẹ̀yẹ tí yóò ṣílẹ̀kùn àwọn ìdíje ńlá òkè òkun fún un. Ó na rákẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù fò kọjá àwọ̀n, ó bà sẹ́yìn pápá lọ́hùn-ún, alátakò rẹ̀ kò tilẹ̀ sáré sí i. Rẹfirí tó wà lórí àga gíga ní, "Ó wọlé." Èrò dìde. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Alátakò ti ń bọ̀ nídìí àwọ̀n, ó ti na ọwọ́ ìkíni.

Ìgbà náà ni ohùn kan bú jáde láàárín èrò. Ohùn ọkùnrin. Ohùn tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

"Ó jáde!"

Rẹfirí gbójú sókè. "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ẹ jókòó."

"Mi ò ní jókòó. Ó jáde."

"Bàbá, ọmọ yín ló gbá a!"

"Ṣé mo pè é lọ́mọ aládùúgbò ni?"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gun irin tó yí pápá ká, òun àgbàlagbà. Ṣòkòtò funfun rẹ̀ há mọ́ irin, ó fà á yọ, ó dé orí amọ̀. Ó na ìka sí àpá kan tí bọ́ọ̀lù dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà. "Ojú àpá nìyí. Amọ̀ kì í purọ́." Lóòótọ́, amọ̀ kì í purọ́. Ṣùgbọ́n àpá bọ́ọ̀lù ti pọ̀ lórí amọ̀ náà bí ojú ẹsẹ̀ adìyẹ lágbàlá, ta ló mọ èyí tó jẹ́ ti ìsinsìnyí? Rẹfirí wo àpá, ó wo bàbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó rò ó lọ́kàn rẹ̀: bàbá wo ni yóò purọ́ mọ́ ọmọ tó bí? Ó yí ọ̀rọ̀ padà. Bọ́ọ̀lù jáde. Wọ́n ń bá ayò lọ, bọ́ọ̀lù ọmọbìnrin náà ń há sínú àwọ̀n, ó ń há, títí tó fi pàdánù.

Nígbà tó ń kúrò ní pápá, ó gba ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó iná kọjá. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni nílùú bá ń wá ẹlẹ́rìí, á ní, "Ẹ mú ẹni tó bá wù yín wá. Kó ṣáà má ti jẹ́ bàbá mi."

Orúkọ Ó-Jáde ti wà lára bàbá náà kó tó bímọ. Láti ìgbà tó ti ń fi tẹ́níìsì jẹun ni. Nínú àwọn ìdíje kéékèèké, kì í sí ẹni tó ń ṣọ́ ìlà. Ẹni tó wà níhà kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe adájọ́ ìhà tirẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn nìkan ni rẹfirí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà tí ẹ̀rí ọkàn wọn kì í wá síbi iṣẹ́.

Ó-Jáde yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù alátakò, ó wọlé. Bọ́ọ̀lù tirẹ̀ tó bá sún mọ́ ìlà, ó jáde. Á ti ìhà tirẹ̀ pariwo rẹ̀ kí alátakò tó la ẹnu. Nígbà tó wá dé àṣekágbá tó tóbi jù láyé rẹ̀, òun àti ọkùnrin gíga kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi àsíá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, rẹfirí ní ó wọlé, wọ́n ti gbé ife-ẹ̀yẹ jáde nínú àpótí. Ó-Jáde kò lọ síbi ife. Ìdí àga rẹfirí ló lọ.

"Alàgbà, bọ́ọ̀lù mi yẹn jáde."

"Ó wọlé. Ojú mi ló ṣe."

"Òkè lẹ wà. Èmi wà nílẹ̀."

"Ọkùnrin yìí, o ti borí! Lọ gba ife rẹ!"

"Mi ò borí. Ó jáde."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń bẹ̀ ẹ́ láti ìdí àwọ̀n: "Ọ̀rẹ́, gba nǹkan yìí jàre. Ebi ń pa mí." Kò gbà. Ó jiyàn títí rẹfirí fi bínú, tó yí bọ́ọ̀lù náà padà, tó tún gba àmì kan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àfojúdi. Bẹ́ẹ̀ ni Ó-Jáde ṣe di ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n fìyà jẹ nítorí pé ó ń ṣe agbẹjọ́rò fún alátakò rẹ̀. Ó pàdánù. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ife náà lọ sílé bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Aránṣọ ni ìyàwó Ó-Jáde. Òun ló ń rán àwọn ṣòkòtò funfun. Lọ́jọ́ tí Ó-Jáde ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, aránṣọ kò gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní òun ti gbọ́.

"O gbọ́, àbí o gbà?"

"Mo gbà."

"Tún un sọ. Mi ò fẹ́ èyí tó kàn fara kan ìlà."

Ó tún un sọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó rán aṣọ tuntun kan fún ara rẹ̀, ó yí níwájú ọkọ, ó ní ṣé ó bá òun mu? Ó-Jáde yí i po. Ó wò ó fínnífínní, bí ẹni ń wo àpá lórí amọ̀. "Ó jáde díẹ̀ níhà òsì." Orí àga pálọ̀ ló sùn.

Ìwọ̀nba ohun tó mú bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn àwo fàdákà tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gba ipò kejì. Ó pọ̀. Aránṣọ wò wọ́n lórí pẹpẹ títí, ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi àwo ṣe bí kò ṣe kí wọ́n jẹun nínú rẹ̀. Bí ìrẹsì bá ṣe ń tán níwájú àlejò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sídìí àwo yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀: IPÒ KEJÌ. Àlejò kan ṣàṣìṣe, ó béèrè ta wá ni ó gba ipò kìn-ín-ní.

"Èmi ni," ni aránṣọ wí. Ó fi orí júwe ọkọ rẹ̀. "Ẹ wo ohun tí wọ́n fún mi."

Ọmọ kan ni wọ́n bí. Ìyá mi ni Ó-Jáde ń pè é, nítorí iwájú orí ìyá rẹ̀ ló gbé wáyé. Ẹ̀yìnkùlé, ògiri, bọ́ọ̀lù kan tí irun rẹ̀ ti re. Ibẹ̀ ni wọ́n wà ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú: bí ẹni di ọwọ́ àgbà mú, kó má bọ́, kó má sì dun àgbà. "Ìyá mi, mo ti gba ipò kejì tó fún gbogbo ìdílé yìí. Kìn-ín-ní ló kù. Ìwọ lo ni ín." Kò sí ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ láyé tó tó bẹ́ẹ̀. Òun náà ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ọmọ.

Lẹ́yìn àṣekágbá yẹn, ọmọ kó ẹrù. Ó lọ sí ìlú mìíràn, ó di kóòṣì fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè lórí fóònù.

"Màámi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n sọ pé àwọn ṣì í. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Mi ò béèrè ife."

"O mọ bàbá rẹ."

"Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, Màámi. Mo mọ̀ wọ́n."

Nítorí bọ́ọ̀lù náà wọlé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbá. Ayàwòrán kan ti ya á, ìwé ìròyìn sì gbé e jáde: bọ́ọ̀lù jókòó sórí ìlà bí ẹyin nínú ìtẹ́, ẹfun funfun ń fò lábẹ́ rẹ̀. Aránṣọ tẹ́ ìwé ìròyìn náà síwájú ọkọ. Ó-Jáde sún un mọ́ imú, ó gbé e jìnnà, ó tún sún un mọ́ imú.

"Fọ́tò ti ń purọ́ látayébáyé," ó ní. "Wo fọ́tò ìgbéyàwó wa. Mo ga jù ẹ́ lọ níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Orí àpótí ló dúró sí.

Ó pẹ́ kí aránṣọ tó bẹ̀rẹ̀ sí fura. Ó-Jáde ti òde dé, ó kí ẹ̀wù òjò tí wọ́n fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè ara ilé lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí kò dáhùn, ó wọ pálọ̀ wá pẹ̀lú ìbínú. "Ta ni ẹni tó dúró síta yẹn? Kò lẹ́kọ̀ọ́ rárá." Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó rò pé àwàdà ni.

Lẹ́yìn náà, tíì òwúrọ̀. Ó gbé kẹ́tù, ó ń da omi gbígbóná, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń dà á. Ife wà lápá ibí. Omi ń lọ sápá ọ̀hún, lórí aṣọ tábìlì, ó ń tàn kálẹ̀, ó ti ń kán sílẹ̀. Aránṣọ wo omi, ó wo ojú ọkọ rẹ̀ tó tẹjú mọ́ ọn láìrí i. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ó jáde," ó ní, jẹ́jẹ́.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Yàrá kékeré, àga aláwọ, pátákó lẹ́tà lára ògiri.

"Bàbá, lẹ́tà wo lẹ rí?"

"Níbo?"

"Lára ògiri."

"Ògiri wo?"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo èèyàn ló mọ Ó-Jáde sí aláwàdà. Ó wá rí ojú aránṣọ. Ẹ̀rín kú.

Ó ṣàlàyé. Àrùn náà kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ lọ sí àárín, bí eku ṣe ń jẹ etí ìwé. Ẹni tó ní in kì í mọ̀. Ibi tó bá ṣófo, ọpọlọ fúnra rẹ̀ á fi ohun tó bá rò dí i.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, bàbá. Ó ṣeé ṣe kó ti wà nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń gbá tẹ́níìsì."

"Ẹ̀gbẹ́ lẹ ní ó ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀gbẹ́ ni."

Ẹ̀gbẹ́ sì ni ìlà wà. Ó-Jáde jókòó. Kò bá a jiyàn, kò ní kó tún un wò. Nígbà tó yá, ó dìde, ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú fìlà, ó dé e. Fìlà dókítà ni. Dókítà kò gbà á lórí rẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti di ọ̀rẹ́ ilé látọjọ́ pípẹ́. Ó máa ń wá, á tẹ orí ba lẹ́nu ọ̀nà, á jókòó, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó-Jáde dúró kí aránṣọ wọ ilé ìdáná.

"Bọ́ọ̀lù ọjọ́ sí yẹn. Tèmi tìẹ. Ṣé ó jáde?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo àjà. "Ọ̀rẹ́, mi ò wo ilẹ̀. Oúnjẹ ni mò ń rò."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Mo ní oúnjẹ ni mò ń rò!"

Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó gbé nǹkan kan dání nínú aṣọ, ó gbé e ka tábìlì.

"Kí lèyí?"

"Ìkòkò òdòdó. Ìyàwó mi ní kí n gbé e wá fún ẹ."

Ó-Jáde fọwọ́ pa á láti ìdí títí dé ọrùn. "Ìkòkò òdòdó elétí méjì."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí."

"Wọ́n sì fín orúkọ ìdíje sí i lára."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bú sẹ́kún. Ọkùnrin gíga; omijé rẹ̀ rìn jìnnà kó tó dé ilẹ̀.

"Gbé e padà sílé," ni Ó-Jáde wí. "Mo fi í fún ẹ ni, mi ò fi í yá ẹ. Tèmi ni, mo láṣẹ láti fi tọrẹ." Ó ṣì di etí ife náà mú. "Ti ọmọ mi ni mi ò láṣẹ lé lórí."

Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun wá bàtà.

Wọ́n wọ ọkọ̀. Wọ́n dé ìlú ọmọ. Lẹ́nu géètì pápá tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, Ó-Jáde dúró, ó dẹtí. Ariwo bọ́ọ̀lù pọ̀, pò, pò, pò, bí òjò lórí páànù. "Èyí ni tirẹ̀," ó ní. "Ó ṣì ń pẹ́ lápá òsì."

"Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o," ni aránṣọ wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀." Ó jẹ́ kó dá lọ.

Ọmọbìnrin náà ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ó ti ń tò ó láti ọjọ́ yìí wá, nínú ilé ìwẹ̀, lójú ọ̀nà, ó ti mọ ibi tí yóò ti dákẹ́ kí ó lè dun bàbá náà wọra. Ó wá rí i tó ń bọ̀ lórí amọ̀, ọwọ́ níwájú, ẹsẹ̀ ń wá ilẹ̀. Ó kan òpó tí wọ́n so àwọ̀n mọ́. Ó ṣí fìlà fún òpó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kóòṣì ni mo wá rí."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò wó lulẹ̀.

"Bàbá mi."

"Ìyá mi." Ó yí síbi ohùn. "Mi ò rí i."

"Kí lẹ ò rí?"

"Bọ́ọ̀lù yẹn. Ariwo ni mo gbọ́. Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà, kò dúró de ojú."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ látọjọ́ yìí?"

Ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Bí mi ò bá rí tìẹ, ta ló ní mo rí tèmi? Gbogbo ohun tí mo fi sílẹ̀ láyé yìí, mo ní torí òótọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ojú lásán ni." Ó dé fìlà náà padà. "Mo ṣì í, ìyá mi. Mo ṣì í, mo sì jẹ́ kó o máa dá ru ú."

Àwọn ọmọ ilé ìwé ti dáwọ́ dúró. Wọ́n ń wò. Ó-Jáde sún mọ́ ọmọ rẹ̀ díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí olè.

"Báwo ló ti wọlé tó?"

"Bàbá!"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Ìwọ̀n ìka kan."

"Ìka ta? Ìka tìẹ, àbí ìka Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ náà kó tó mọ̀. Ẹkún sì bá ẹ̀rín jáde. Aránṣọ dúró lẹ́nu géètì, ibẹ̀ jìnnà, kò mọ èwo ni èwo. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Ife yẹn kò padà wá. Ìdíje òkè òkun ti ṣílẹ̀kùn, ó ti tì í. Orúnkún eléré kì í dúró de ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ yóò tọrọ àforíjì. Ọmọbìnrin náà mọ̀. Ó ń sunkún rẹ̀ nígbà mìíràn, nínú ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ wálé. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Á jókòó ti bàbá rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa ròyìn tẹ́níìsì fún un, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan.

"Ó gbá a sápá ọ̀tún. Èkejì dá a padà. Ó wọlé."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ojú mi ni, Bàbá mi."

"Ojú! Ìwọ náà ń gba ẹ̀rí ojú gbọ́? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ẹni tó ń kọjá lójú pópó á rò pé wọ́n ń jà. Aránṣọ á gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú ipò kejì, á padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, á máa gbọ́ wọn. Ó ní orin kan ò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Àrùn ọkàn ló wá dá Ó-Jáde dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, yàrá gígùn, ibùsùn lọ́tùn-ún lósì, tẹlifíṣọ̀n kan lókè ògiri fún gbogbo wọn. Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ròyìn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ mélòó kan, gbogbo yàrá ti ń gbọ́. Ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, tí wọ́n fi okùn so ó rọ̀ sókè, dá sí i láti ibùsùn ìkejì.

"Bàbá, òótọ́ lọmọ yín ń sọ! Ó wọlé. Èmi náà rí i."

"Ẹni tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ àjà," ni Ó-Jáde dáhùn, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "kí ló mọ̀ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má pa bàbá náà lẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá náà ní kí wọ́n má pa nọ́ọ̀sì lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá kan.

Ọ̀sán kan báyìí, àṣekágbá kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ náà gbóná, fèrèsé ṣí. Bọ́ọ̀lù ń lọ, ó ń bọ̀, ó pẹ́ lókè.

"Ó gbá a sápá òsì. Èkejì sáré bá a. Ó dá a padà. Eléyìí tún gbá a, ó gùn, ó gùn, ó bà lórí ìlà, Bàbá mi. Ó wọlé."

Ó dúró de àríyànjiyàn.

Tẹlifíṣọ̀n ń pàtẹ́wọ́.

"Ó wọlé, mo ní."

Ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ dídá yí orí wò wọ́n.

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ mọ́ etí bàbá rẹ̀. Kò tíì purọ́ nípa bọ́ọ̀lù kankan rí láyé rẹ̀. Ilé yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọ.

"Ó jáde, Bàbá mi. Èmi ni mo ṣì í. Ó jáde gan-an ni. Ẹ bá mi jiyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jiyàn."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ó wo ọwọ́ bàbá, ó wo ojú rẹ̀, ó sì rìn lọ jẹ́jẹ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ fi í sílẹ̀, nọ́ọ̀sì," ni ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ dídá wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ fún bàbá."

Nọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà nu ojú, ó gbé ọwọ́ bàbá rẹ̀ sórí itan, ó wo òkè ògiri, ó sì ń bá a lọ. Ohùn rẹ̀ kò sókè. Èyí tó wọlé, ó ní ó wọlé. Èyí tó jáde, ó ní ó jáde. Ó pè é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbá a tán, kò sì ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni.